Orí Karùn-ún: Ẹ̀ta, Mẹ́ta, Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Eré Òǹkà àti Àròpọ̀ ní Jẹ́lé-ó-sinmi

Ọmọ ọdún mẹ́rin kan wà tí ìyá rẹ̀ ń ta obì ní Sábó, ní Ṣágámù. Ẹ jẹ́ ká pè é ní Báyọ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ojú rẹ̀ là. Bí ẹ bá ní kó kà, á kà á láti ení dé ẹ̀wá láìmí, àfi bí ẹni tí ajá ń lé. Ìyá rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín, àwọn oníbàárà á máa yìn ín. Lọ́jọ́ kan mo jókòó tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ apẹ̀rẹ̀ gbànja, mo ní, "Báyọ̀, fún mi ní mẹ́ta." Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ apẹ̀rẹ̀, ó bu ẹ̀kúnwọ́ fún mi.

"Ṣé mẹ́ta nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Àǹtí."

Mo ní kó kà á fún mi. Ó to obì náà sílẹ̀, ó ń fi ìka kàn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fo ọ̀kankan, kò ka ọ̀kankan lẹ́ẹ̀mejì, ó sì parí sí èje. Mo ní, "Ó dáa. Mélòó wá ni?" Ó wò mí bí ẹni tó rò pé n kò gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ló bá tún bẹ̀rẹ̀: ení, èjì, ẹ̀ta...

Ẹni tó bá ti bá ọmọ kékeré gbé rí, èyí kò ní yà á lẹ́nu. Ẹnu ọmọ ti mọ òǹkà, ọwọ́ rẹ̀ kò tíì mọ̀ ọ́n. Karen Wynn, onímọ̀ nípa ìrònú ọmọdé ní Amẹ́ríkà, béèrè irú ohun kan náà lọ́wọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nínú iṣẹ́ kan tó gbé jáde ní 1990. Ó ní kí wọ́n fún òun ní iye nǹkan báyìí báyìí. Ó rí i pé ọmọ tó ń ka nǹkan lọ́kọ̀ọ̀kan láìṣìṣe ṣì lè bu ẹ̀kúnwọ́ fúnni bí a bá béèrè mẹ́ta. Ọmọ á kọ́kọ́ mọ ohun tí kan jẹ́. Ó máa ń pẹ́ kó tó mọ méjì, á tún pẹ́ díẹ̀ kó tó mọ mẹ́ta. Ìgbà tó bá yá ni ojú rẹ̀ máa là lójijì, tí á rí i pé orúkọ tí òun parí kíkà sí ni iye gbogbo ohun tó wà nílẹ̀. Títí ọjọ́ yẹn á fi dé, orin lásán ni òǹkà lẹ́nu ọmọ. Iṣẹ́ olùkọ́ jẹ́lé-ó-sinmi ni kó mú ọmọ kúrò nídìí orin bọ́ sídìí iye, kó sì jẹ́ eré ni wọn yóò fi dé ibẹ̀.

Ohun tí èdè wa ti ṣe sílẹ̀

Rochel Gelman àti C. R. Gallistel, nínú ìwé wọn tó jáde ní 1978, sọ pé ohun márùn-ún ló wà nínú òǹkà. Ohun kan, orúkọ kan. Kí àwọn orúkọ náà máa tẹ̀ léra bákan náà nígbà gbogbo. Orúkọ tó kẹ́yìn ni iye. Ohunkóhun ni a lè kà, ìbáà jẹ́ obì, ìbáà jẹ́ àtẹ́wọ́. Ibi yòówù tí a bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ni o, ọwọ́ òsì ni o, iye kì í yí padà. Ẹ̀kẹta nínú márààrún yìí máa ń le fún ọmọ, òun sì ni Báyọ̀ kò tíì ní lọ́jọ́ tí mo ń wí yìí.

Ẹ wá wo bí Yorùbá ṣe pín ọ̀rọ̀ náà fún wa. Nígbà tí mo bá ń ka obì lọ, mo ń sọ pé ení, èjì, ẹ̀ta. Orúkọ tí a fi ń kà nìyẹn, kò tíì rọ̀ mọ́ nǹkan kan. Bí mo bá fẹ́ sọ iye, mo ní obì mẹ́ta; ọ̀rọ̀ náà ti yí padà lẹ́nu mi, ó ti gùn sẹ́yìn obì. Bí mo bá fẹ́ nàka sí ọ̀kan láàárín wọn, mo ní obì kẹta. Bí mo bá wá fẹ́ kó gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹyọ kan má ṣẹ́ kù, mo ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òyìnbó ń fi "three" kan náà kà, ó ń fi í sọ iye, ó tún ń fi í kó gbogbo rẹ̀ jọ. Ọmọ wọn ní láti máa méfò èyí tí àgbà ń sọ. Lọ́dọ̀ tiwa, ìró ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ ti ń sọ ọ́.

Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni mo fẹ́ kí ẹ di mú nínú orí yìí, torí pé ohun kẹta tí Gelman àti Gallistel sọ ló wà nínú rẹ̀ lódindi. Bí ẹ bá ń bá ọmọ ka nǹkan, ẹ má ṣe dúró sí ẹ̀ta. Ẹ fi ìka kan nǹkan náà lọ́kọ̀ọ̀kan: ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ fi ọwọ́ yí wọn po: obì mẹ́ta. Ẹ wá fi apá méjèèjì gbá wọn jọ sí àyà yín: mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé! Ìka, ọwọ́, apá. Ọmọ á ṣe é tẹ̀ lé yín, á sì gbádùn ìgbájọ yẹn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ẹ ní kó kó méjèèjì wá, kó kó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wá, kó kó márààrún wá. Kan nìkan ni kò ní irú rẹ̀, ẹ̀yin náà sì mọ ìdí: ta ní ń kó ẹyọ kan jọ?

Helen Verran, ará Australia tó bá àwọn olùkọ́ ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Ifẹ̀, kọ odindi ìwé kan, Science and an African Logic, tó jáde ní 2001, lórí òǹkà Yorùbá àti ohun tó rí ní kíláàsì ìṣirò lọ́dọ̀ wa. Ó rí àwọn olùkọ́ tó ń da ọgbọ́n ilé pọ̀ mọ́ ti ìwé, tí wọn kò sì ṣe é bó ṣe wà nínú ìwé ìlànà, síbẹ̀ tí ọ̀rọ̀ náà yé àwọn ọmọ. Ẹni tó bá lè ka ìwé náà, kó kà á.

Ìṣòro kan wà tí èdè wa náà dá sílẹ̀. Èjì, èje, ẹ̀jọ. Méjì, méje, mẹ́jọ. Ní yàrá tí ọmọ ogún bá ti ń pariwo, ta ló mọ èyí tí ẹnìkan sọ? Mo ti rí ọmọ tó ń fo ẹ̀jọ lójoojúmọ́ tí olùkọ́ rẹ̀ kò sì mọ̀, torí pé ariwo gbogbo kíláàsì bò ó. Ẹ jẹ́ kí ọmọ mẹ́ta mẹ́ta máa kà, kí etí yín lè gbọ́ ẹnu kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá ní ìlù gángan nítòsí, ẹ jẹ́ kí ó bá yín sọ ohùn àwọn orúkọ náà. Ọmọ tí kò gbọ́ ìyàtọ̀ èjì sí èje lẹ́nu olùkọ́ lè gbọ́ ọ lẹ́nu ìlù; ṣùgbọ́n ohùn kan náà ni èje àti ẹ̀jọ ní, ẹnu yín ni ọmọ ti máa gbọ́ ìyàtọ̀ tiwọn.

Ibi tí a ó ti dúró ná

Mẹ́wàá tó. Mo mọ̀ pé àwọn òbí kan á bínú sí mi. Wọ́n fẹ́ kí ọmọ ọdún mẹ́rin kà dé ọgọ́rùn-ún, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà lẹ́yìn mẹ́wàá lédè Yorùbá. Láti mọ́kànlá dé mẹ́rìnlá, à ń lé: ẹyọ kan lé lórí mẹ́wàá, méjì lé lórí mẹ́wàá. Bí a bá ti dé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, a yí padà, a bẹ̀rẹ̀ sí í dín: márùn-ún dín nínú ogún, mẹ́rin dín nínú ogún. Ọgbọ́n ńlá ni, àgbà ló sì ni ín. Ọmọ tí kò tíì mọ̀ pé mẹ́ta ju méjì lọ, ẹ má ṣe ní kó lọ sí ogún kó tún padà wá sí mẹ́rìndínlógún.

Ohun kan wà nínú òǹkà àgbà tó wúlò fún ọmọdé, òun sì ni márùn-ún. Adolphus Mann, míṣọ́nnárì tó gbé láàárín wa, kọ ọ́ sílẹ̀ ní 1887 bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ. Wọ́n á da àpò owó sílẹ̀, ẹni tó ń kà á á jókòó tàbí kó kúnlẹ̀ tì í, á máa fa márùn-ún márùn-ún kúrò nínú òkìtì. Tó bá ti fà á lẹ́ẹ̀mogún, ọgọ́rùn-ún pé. Ọgọ́rùn-ún méjì papọ̀ di igba. Ẹni yẹn kò ka ẹyọ márùn-ún lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́. Ojú rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n. Ojú ọmọ ọdún mẹ́rin náà lè mọ méjì àti mẹ́ta láìkà. Ẹ to ọsàn. Bí àwọn ìyá ọlọ́sàn ṣe ń tò ó létí títì gan-an ni: mẹ́rin nísàlẹ̀, ẹyọ kan gun orí wọn. Ọmọ tó bá ń rí òkìtì yẹn lójoojúmọ́ ti rí mẹ́rin àti kan kó tó gbọ́ pé ohun kan wà tó ń jẹ́ àròpọ̀.

Obì náà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ilẹ̀ Rẹ́mọ sì ni ilé obì. Gbànja pín sí awé méjì. Àbàtà sábà máa ń ní awé mẹ́rin, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀. Ẹ fún ọmọ ní gbànja méjì kó là á, kó ka awé rẹ̀. Ẹ fún un ní àbàtà kan tó ní awé mẹ́rin. Ó dọ́gba! Ẹ má ṣe jẹ́ kó jẹ ẹ́ ṣá. Àgbálùmọ̀ tún dára ju obì lọ nígbà tó bá wà lórí igi, torí pé ọmọ lè jẹ ẹ́, kóró mẹ́rin tàbí márùn-ún ló sì sábà máa ń wà nínú rẹ̀. Kí ẹ tó là á, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sọ iye tó rò pé ó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá sọ márùn-ún á máa wo ẹni tó ń là á bí ẹni tó ń retí èsì ìdánwò.

Ọjà àti èènì

Bí ẹ bá gbàgbé gbogbo eré tó wà nínú orí yìí, ẹ má ṣe gbàgbé ọjà. Kò gba owó. Ẹní kan lórí ilẹ̀, ewé díẹ̀, ọsàn kéékèèké tàbí kóró àgbálùmọ̀ tí a ti fọ̀, ìdérí ìgò mínírà tí a ó máa ná bí owó. Ìdí tí n kò fi ní kí ẹ lo náírà ni pé ọmọ òde òní kò rí ohun tí náírà kan tàbí náírà márùn-ún ń rà mọ́, ọgọ́rùn-ún àti igba ló ń gbọ́ lẹ́nu àgbà. Ìdérí kan, ọsàn kan. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ yan ọmọ kan ṣe ìyálọ́jà, kí ó wé gèlè bó bá fẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ kọ́kọ́ ṣe oníbàárà, torí ẹnu yín ni wọn yóò ti kọ́ bí a ṣe ń nájà.

"Ẹ kú ọjà o."

"Ẹ káàbọ̀. Mélòó lẹ fẹ́?"

"Mẹ́ta ni."

Ìyálọ́jà á kà á sórí ewé: ení, èjì, ẹ̀ta. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rèé. Ẹ̀yin náà á ka ìdérí mẹ́ta fún un. Bí ọ̀rọ̀ ti ń parí lọ ni ẹ ó wá sọ ohun tí gbogbo oníbàárà Yorùbá máa ń sọ: "Ẹ fún mi lẹ́ènì."

Ibí yìí ni àròpọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ á mú ọsàn kan sí i. Kó tó kà á, ẹ bi í pé, "Mélòó ló wá di báyìí?" Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, á tún un kà láti ení, ẹ jẹ́ kó kà á. Ẹ má ṣe dá a dúró, ẹ má sì ṣe sọ ìdáhùn fún un. Nígbà tó bá ti mọ́ ọn lára, ẹ fi ewé bo mẹ́ta àkọ́kọ́ kí èènì tó dé. Ó mọ̀ pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà lábẹ́ ewé, òun ló kà á síbẹ̀. Kò rí wọn mọ́ kó tún kà wọ́n. Ó ní láti fi mẹ́ta sí ọkàn kó sì tẹ̀ síwájú: "mẹ́ta... mẹ́rin!" Ọjọ́ tí ọmọ bá ṣe èyí láìgbé ewé sókè, ẹ kọ déètì ọjọ́ náà sílẹ̀ sínú ìwé yín, torí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ ju kíkọ òǹkà dé ọgọ́rùn-ún lọ.

Lẹ́yìn èyí ni èènì á di méjì. Ní ẹnu, ẹ máa lo ọ̀rọ̀ ilé: ó lé kan, ó lé méjì, ó di márùn-ún. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ọmọ yìí yóò pàdé lọ́jọ́ iwájú nínú mọ́kànlá àti méjìlá, á sì ti jẹ́ ojúlùmọ̀ rẹ̀. Ẹ má ṣe yára gbé àmì àròpọ̀ tàbí fígọ̀ wá síbi ọjà. Kò sí ìyá ọlọ́sàn tó ń fi àmì àròpọ̀ bu èènì.

Ọmọbìnrin ọdún márùn-ún kan ní Ìkẹ́nnẹ́ kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kan nípa eré yìí. Òun ni ìyálọ́jà. Mo ra mẹ́rin, mo ní kó fún mi lẹ́ènì. Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó ní, "Ọjà ti wọ́n. Kò sí èènì." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ó dájú pé ohun tó ń gbọ́ lẹ́nu ìyá rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, mo rí i pé ọ̀nà ti là fún ohun tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ máa ń bẹ̀rù láti kọ́ ọmọdé. Mo ní, "Ó dáa. Mo ra mẹ́rin, kò sí èènì. Mélòó ni mo ń gbé lọ ilé?" Ó ní, "Mẹ́rin náà ni." Òdo ló fi kún un yẹn, kò sì sí ẹni tó dárúkọ òdo fún un. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ìyálọ́jà ahun sí gbogbo ọjà tí mo bá ń ṣe.

Ohun tó wà lábẹ́ igbá

Martin Hughes, nínú ìwé rẹ̀ Children and Number tó jáde ní 1986 ní Gẹ̀ẹ́sì, ṣe eré kan pẹ̀lú àpótí. Ó kó búlọ́ọ̀kù díẹ̀ sínú àpótí lójú ọmọ, ó dé e, ó tún fi ọ̀kan sí i tàbí kó yọ ọ̀kan, ó wá bi ọmọ pé mélòó ló wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kò tíì dé ilé-ìwé ń mọ̀ ọ́n. Nígbà tó bi irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ pé kí ni kan àti méjì jẹ́, wọn kò mọ̀ ọ́n. Ọmọ kan lè béèrè lọ́wọ́ yín pé, kan kí ni, méjì kí ni? Ìbéèrè rẹ̀ bọ́gbọ́n mu.

Tiwa, igbá ni a ó lò. Ẹ wá igbá kékeré kan àti èkùrọ́ márùn-ún. Ẹ fi èkùrọ́ méjì sílẹ̀ kí gbogbo wọn rí i, ẹ dé igbá lé e. Ẹ ti ọ̀kan sí i lábẹ́ igbá. Kí wọ́n fi ìka sọ iye tó wà níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ẹnu sọ ọ́. Lọ́nà yìí ẹni tí ojú ń tì náà á dáhùn. Ẹ wá ṣí igbá. Ìṣíṣí yẹn ni eré náà, ẹ má ṣe jẹ́ kó yá jù. Nígbà tó bá yá, ẹ yọ ọ̀kan dípò kí ẹ fi sí i, ẹ ó rí i pé ọmọ kò mọ ìyàtọ̀ tí àwa àgbà ń ṣe láàárín àròpọ̀ àti àyọkúrò. Èyí tó dé àti èyí tó lọ ni tirẹ̀.

Ìlà ilẹ̀ àti ọpọ́n ayò

Ní 2008, Geetha Ramani àti Robert Siegler ní Amẹ́ríkà fún àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi láti ìdílé tí kò lówó ní eré orí pátákó kan tí àpótí mẹ́wàá tò gbọọrọ lórí rẹ̀, láti 1 dé 10. Wákàtí bíi kan lápapọ̀ ni ọmọ kọ̀ọ̀kan fi ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì mú òǹkà wọn gbé pẹ́ẹ́lí sí i. Ìyẹn kò nílò pátákó lọ́dọ̀ wa. Ọmọ tó ń ta sùwé ti mọ ohun tí à ń wí. Ẹ fa ìlà mẹ́wàá sílẹ̀ nínú eruku tàbí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì fà á sórí sìmẹ́ǹtì, kó gùn lọ láìyí po. Ẹ ju ìdérí mẹ́ta sókè. Iye tó bá dojú sókè ni ẹsẹ̀ tí ọmọ máa fò. Owó ẹyọ náà lè ṣe é, ó tilẹ̀ dára jù, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀: òbí kan lè dé níbẹ̀ kó ní ẹ ń kọ́ ọmọ òun ní awo. Ìdérí mínírà kò ní ẹjọ́.

Ohun tó ṣe pàtàkì jù níbí ni ohun tí ọmọ ń sọ bó ti ń fò. Bó bá wà lórí mẹ́ta tó sì ju méjì, kó má ṣe kà pé ení, èjì. Ẹ̀rin, àrún ni kó kà, torí ibẹ̀ ló ń lọ.

Ayò ọlọ́pọ́n fúnra rẹ̀ ti ga jù fún wọn. Ihò méjìlá, ọmọ ayò mẹ́rin nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìyẹn méjìdínláàádọ́ta, àti ọ̀tá tó ń wá bí yóò ṣe jẹ ọ́. Ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń tẹ́ ayò, ẹyọ kan sí ihò kan, ni kí ẹ mú nínú rẹ̀. Ẹ gbẹ́ ihò mẹ́rin sínú iyẹ̀pẹ̀, ẹ fún ọmọ ní kóró mẹ́rin, kó máa fi wọ́n sínú ihò lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan fún ọ̀kan. Fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta, ẹ má ṣe lo ohun tó lè wọ ihò imú, etí tàbí ọ̀fun: ọsàn àti ife ni kí ẹ lò. Fún àwọn tó ti dàgbà díẹ̀, ẹ ka kóró yín kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹ tún un kà nígbà tó bá parí. Eré òǹkà ni ìyẹn náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà nípa kíka àwọn ọmọ fúnra wọn. A kì í ka ọmọ fọ́lọ́mọ, ọ̀pọ̀ ìyá àgbà nílẹ̀ Rẹ́mọ kò sì fẹ́ kí a máa nàka sí ọmọ wọn pé ení, èjì, ẹ̀ta. Ẹ má ṣe bá wọn jiyàn. Ẹ ka bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà. Bàtà méjì, ọmọ kan: ẹ ó tún rí iṣẹ́ méjì méjì kọ́ wọn nínú rẹ̀.

Ilé-ìwé, ìjọba àti ilé

Nílẹ̀ Rẹ́mọ, ilé-ìwé ti di ohun ìní wa láti ìgbà pípẹ́. Ìkẹ́nnẹ́ ni wọ́n ti bí Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1909, òun ló sì ń ṣolórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1955. Ní oṣù kìíní ọdún 1956, Táì Ṣólàrín dá ilé-ìwé Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ kan náà. Ṣùgbọ́n kíláàsì kìíní ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò bá tíì gba orí kọjá kó kan etí kejì, ilé ni wọ́n ń dá a padà sí. Orúkọ tí a sọ ilé-ìwé ọmọdé pàápàá kò fi bẹ́ẹ̀ pọ́n ọn lé: jẹ́ kí ilé sinmi. Ó dà bíi pé ohun tí a ń wá ni ibi tí a ó kó ariwo lọ.

Ìgbà tí ìwé ìlànà ẹ̀kọ́ orílẹ̀-èdè yìí tún jáde ní 2013 ni wọ́n fi ọdún kan ṣáájú kíláàsì kìíní kún ẹ̀kọ́ tó jẹ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ, fún ọmọ ọdún márùn-ún. Ní ti èdè, ìlànà ń lọ ó ń bọ̀. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, wọ́n ní àwọn ti fagi lé e, Gẹ̀ẹ́sì ni kí a lò. Iṣẹ́ tí Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970, níbi tí wọ́n ti fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ àfi Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún mẹ́fà, ìṣirò wà lára rẹ̀, ti fi hàn pé àwọn ọmọ yẹn kò rẹ̀yìn sí ẹgbẹ́ wọn. Èmi dúró lórí ìyẹn. Ẹni tí ilé-ìwé rẹ̀ bá sì ní Gẹ̀ẹ́sì dandan, kó kọ́ ọmọ ní "one, two, three" lórí pátákó, kó sì fi Yorùbá nájà lórí ẹní. Kò sí òfin tó de èènì.

Ilé-ìwé kan wà tí n kò ní dárúkọ, tí mo ti bá ọmọ ọdún mẹ́rin kan nídìí ìwé. Ó ń kọ 1 dé 50, ó ti dé 37, ìka rẹ̀ ti wú. Mo mú ìdérí mẹ́fà jáde lápò, mo ní kó fún mi ní mẹ́rin. Gbogbo mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ló kó fún mi. Olùkọ́ rẹ̀ ní àwọn òbí ń fẹ́ kí ìwé kún. Mo gbà á gbọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbọ́dọ̀ pe àwọn òbí wá síbi ọjà lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, kí wọ́n jókòó sórí ẹní kí ọmọ wọn tà fún wọn. Òbí tó bá ti gbọ́ "mẹ́ta... mẹ́rin!" láìgbé ewé sókè kì í béèrè ìwé mọ́.

Iṣẹ́ ṣíṣe

Ẹ wá ọmọ mẹ́ta tó wà láàárín ọdún mẹ́ta sí márùn-ún, ní àdúgbò yín tàbí nínú ẹbí, pẹ̀lú àyè àwọn òbí wọn. Ẹ ní kí ọ̀kọ̀ọ̀kan kà fún yín, kí ẹ sì kọ ibi tó kà á dé sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ béèrè kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin lọ́wọ́ rẹ̀ nínú òkìtì mẹ́wàá, kí ẹ kọ ohun tó fún yín gan-an, láìtún un ṣe. Ẹ fi iye tó kà wé iye tó lè fúnni, kí ẹ ṣàlàyé àlàfo tó wà láàárín wọn pẹ̀lú ẹ̀ta, mẹ́ta àti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ẹ bá ìyá ọlọ́jà kan jókòó fún wákàtí kan, kí ẹ ka iye ìgbà tó fi èènì sí i àti iye ìgbà tó kọ̀. Ẹ sọ bí ẹ ó ṣe sọ ohun tí ẹ rí di eré fún ọmọ ọdún márùn-ún.

Ẹ kó àgbálùmọ̀ mẹ́wàá wá sí kíláàsì tó ń bọ̀, bó bá wà lọ́jà. A ó là á níbẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe jẹ nínú rẹ̀ lọ́nà.